Ta ló ń sanwó hẹlikọ́pítà tó ń gbé èèyàn lórí òkè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Geneva ló ń sọ fún mi pé ìlú kan wà láàárín òkè ní Switzerland tí mọ́tò ò gbọdọ̀ wọ̀, pé tí èèyàn bá ṣèṣe lórí òkè ibẹ̀, kọ́ńpìnnì hẹlikọ́pítà tí bàbá kan dá sílẹ̀ ló máa wá gbé e. Ṣé lọ́fẹ̀ẹ́ ni? Àti pé kí ló dé tí wọ́n ní òkè mìíràn ga jù fún hẹlikọ́pítà, ṣebí fífò ló ń fò? (Òǹkàwé láti Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ọ̀rẹ́ ẹ ò parọ́. Zermatt lorúkọ ìlú yẹn, ẹsẹ̀ òkè Matterhorn ló wà, òkè yẹn sì ga ní mítà 4,478. Täsch lo máa já mọ́tò ẹ sí kó o tó wọ rélùwéè. Kọ́ńpìnnì yẹn ni Air Zermatt, Beat Perren ló dá a sílẹ̀ ní 1968, apoògùn òyìnbó sì ni bàbá náà o.

Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀? Rárá o! Ẹni tí wọ́n bá gbé ni bíìlì ń bá délé, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn tó ń gun òkè máa ra káàdì ìgbàlà kọ́ńpìnnì náà lọ́dọọdún tàbí kí wọ́n ní inṣọ́ránsì. Ẹ̀yìn ìyẹn, kì í ṣe aláìsàn nìkan ni wọ́n ń gbé. Hẹlikọ́pítà tó gbé ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ lè máa fi okùn gbé sìmẹ́ńtì kọ́ lọ́sàn-án. Ilé ìsinmi Monte Rosa tó wà lórí òkè níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2009, kò sí títì tó débẹ̀, rélùwéè ló kó igi àti irin dé Zermatt, hẹlikọ́pítà wá ń gbé e ní díẹ̀díẹ̀ gòkè títí ilé fi parí. Ní January 2018 tí yìnyín dí ojú irin àti títì pa, àlejò bíi 13,000 há sínú ìlú, àwọn náà ló tún ń fò wọ́n jáde.

Ti fífò yẹn ńkọ́? Wo ẹni tó ń tu ọkọ̀ lójú omi, omi tó ń fi àjẹ̀ tì sẹ́yìn ló ń gbé e lọ. Afẹ́fẹ́ lomi ti hẹlikọ́pítà, abẹ̀bẹ̀ orí ẹ̀ lá máa ti afẹ́fẹ́ yẹn sísàlẹ̀ kó lè gbéra, àmọ́ bó ṣe ń gòkè lafẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́, tó bá dé mítà 7,000 kò tiẹ̀ tó ìlàjì ti ìsàlẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì gan-an á sì máa mí gúlegúle. Ìdí nìyẹn tí ohun tí páílọ́ọ̀tì àti olùgbàlà láti Air Zermatt ṣe lórí òkè Annapurna ní Nepal ní 2010 fi ń yà mí lẹ́nu di òní: nítòsí mítà 7,000 yẹn ni wọ́n ti fi okùn gígùn gbé àwọn agunkè mẹ́ta, ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, torí kò síbi tí wọ́n fẹ́ bà sí. Èmi tí mo ń di nǹkan mú lórí Olúmọ!

Tí ọ̀rẹ́ ẹ bá fẹ́ gòkè, ní kó kọ́kọ́ ra káàdì yẹn, kó sì tọ́jú 144, nọ́mbà pàjáwìrì ibẹ̀, sórí fóònù ẹ̀.