Ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì á gba GED ọlọ́jọ́ méjì?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 18, fi high school sílẹ̀ ní Houston nígbà tó ku ọdún kan kó parí. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ibì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń gba GED ní ọjọ́ méjì, $280, láìṣe ìdánwò. Ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì á gbà á? Àbí kó kúkú padà sí kíláàsì?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ìgbà kẹrin rèé tí wọ́n máa bi mí ní irú èyí láàárín oṣù kan, ó sì ti ń sú mi.

GED tí kò ní ìdánwò kò sí. Ìdánwò gan-an ló ń jẹ́ GED, èyí tí ẹni tí kò parí high school ń ṣe kó lè gba ìwé ẹ̀rí tó dípò ti high school. Ọdún 1942 ni wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí àwọn sójà tí ogun kò jẹ́ kí wọ́n parí ilé ìwé. Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ìṣirò, èdè Gẹ̀ẹ́sì tòun ti àròkọ, sáyẹ́ǹsì, àti social studies. 145 ni máàkì àṣeyege nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò lè gba 170 níbì kan kó fi bo 130 níbòmíràn mọ́lẹ̀. Ìjọba Texas ló sì ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kì í ṣe oníwẹ́ẹ̀bùsáìtì kankan.

Ẹ máa ní ẹ gbọ́ pé wọ́n ń ṣe é nílé. Òótọ́ ni, ibẹ̀ sì ni àwọn gbájúẹ̀ ti rí ẹnu sọ. Kí wọ́n tó gbà fún ọmọ láti ṣe é nílé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìdánrawò tí wọ́n ń pè ní GED Ready, kí èsì rẹ̀ sì bọ́ sí àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó yege. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ṣe é, á fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, á fi kámẹ́rà han yàrá tó wà, ẹnìkan á sì máa ṣọ́ ọ títí tí yóò fi parí.

Ọmọkùnrin kan gbé ìwé ọlọ́jọ́ méjì yẹn wá bá mi lọ́fíìsì. Èdìdì aláwọ̀ wúrà wà lórí ẹ̀, ìfọwọ́sí ọ̀gá ilé ìwé náà wà níbẹ̀. A ló gbà nínú kẹ́mísírì. Mo ní lábù wo ló ti ṣe é, ó bá ń wolẹ̀. Owó lọ, àkókò ìforúkọsílẹ̀ náà sì lọ. Ní 2014, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, gbé àwọn kan lọ sí kóòtù ní Florida lórí irú ìwé yìí.

GED gidi ńkọ́? Community college ń gbà á, ọ̀pọ̀ yunifásítì náà sì ń gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan á tún béèrè SAT, ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì. Ó tó fi kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Tó bá gba 165 sókè, ó fi hàn pé ó ti kún ojú òṣùwọ̀n fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀fíìsì ìgbaniwọlé kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ o, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi.

Ní ti kíláàsì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé rẹ̀ pé kírédíìtì mélòó ló kù. Tó bá jẹ́ díẹ̀, èmi á ní kó padà, pàápàá tó bá lójú sí iṣẹ́ ológun, nítorí àwọn yẹn ń fi ẹni tó parí high school ṣáájú. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé WAEC yín wá láti ilé, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Ẹ kó o fún àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí òkè òkun wò.)

Tó bá jẹ́ GED ló wù ú, orí ged.com ni kó ti forúkọ sílẹ̀. Tí ará ṣọ́ọ̀ṣì yẹn bá tún pè, ẹ bi í pé ta ló ń ṣọ́ ìdánwò tiwọn.