Ọkọ mi ń fi ọjọ́ kan fo ọjọ́ kan lo oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún méjì tí dókítà ti sọ fún wa pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe ọkọ mi, irú tí wọ́n ń pè ní CML. Imatinib ló ń lò lójoojúmọ́, ara rẹ̀ sì ti yá gan-an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ka hóró oògùn tó wà nínú ìgò, ó pọ̀ ju iye tó yẹ kó ṣẹ́kù lọ. Ìgbà tí mo bi í léèrè, ó ní ó di oṣù mẹ́ta tí òun ti ń fi ọjọ́ kan fo ọjọ́ kan, kí owó ilé ìwé àwọn ọmọ lè jáde. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún dókítà. Mo fẹ́ ta ilẹ̀ tí a jọ rà, ó kọ̀ jálẹ̀. Kí ni kí n ṣe?
Aya tí kò róorun sùn

Ọmọ mi, ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà.

Ohun tó ní o kò gbọdọ̀ sọ yẹn gan-an ni kó o kọ́kọ́ sọ. Àwọn ọkùnrin wa! Wọ́n á ru ẹrù tó wúwo, wọ́n á ní ọrùn kò dun àwọn. Mo mọ̀ pé nítorí àwọn ọmọ ló ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ìjánu ni oògùn yẹn jẹ́ lẹ́nu àìsàn ọkọ rẹ. Tí kò bá lò ó déédéé, ìjánu á tú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣàìsàn á ráyè bí sí i, àwọn kan nínú wọn sì lè yí padà débi tí oògùn náà kò fi ní ràn wọ́n mọ́. Oògùn tí wọ́n á wá fi rọ́pò rẹ̀ sábà máa ń wọ́n jù ú lọ. Èyí tó tún burú ni pé tí èsì àyẹ̀wò bá bàjẹ́, dókítà tí kò mọ̀ pé ó ń fo oògùn á rò pé oògùn ló kùnà.

Àwọn kan wà tí dókítà máa ń dín ìwọ̀n oògùn wọn kù, kódà tó máa ń ní kí wọ́n dá a dúró lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lemọ́lemọ́. Àwọn tí èsì wọn ti dára fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ọ̀nà yẹn gan-an ni ọkọ rẹ ń fọwọ́ ara rẹ̀ dí.

Nítorí náà, ẹ jọ lọ. Má gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ bá dókítà bí o bá lè yẹra fún un. Bó bá kọ̀, sọ ọ́ fúnra rẹ. Á bínú, ìbínú náà á sì rọ̀. Ẹ sọ iye ọjọ́ tó fò láìbù kan kù, kí ẹ sì bèèrè bóyá kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò kíákíá.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ owó, ẹ má tijú. Ẹ bèèrè irú èyí tí wọ́n kọ fún un. Lọ́dún 2001 tí imatinib kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń tà á, orúkọ tí wọ́n fún un ni Gleevec, èyí tí wọ́n ń pè ní Glivec níbòmíràn. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà ń ṣe é, tiwọn sì sábà máa ń dínwó púpọ̀. Láti ọdún 2015 ló ti wà lára àwọn oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kó wọ́n orílẹ̀-èdè kankan. Dókítà ló máa pàrọ̀ rẹ̀ o, kì í ṣe ẹ̀yin, ẹ má sì rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ẹ bá kàn rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ tún bi dókítà nípa The Max Foundation, àjọ aláàánú kan. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí owó kò ti pọ̀, wọ́n ń bá àwọn aláìsàn CML rí oògùn gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n dókítà ló ń fi orúkọ aláìsàn ránṣẹ́. Ṣé o wá rí ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọkọ rẹ ń ná yín? Bí ilé ìwòsàn yín bá ní sóṣà wọ́kà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń bá aláìsàn wá ìrànlọ́wọ́, ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ní ti ilẹ̀, ọkọ rẹ ni mo gbè lẹ́yìn, ó kéré tán fún ìsinsìnyí. Owó ilẹ̀, owó ẹ̀ẹ̀kan ni. Àìsàn yìí, oṣooṣù ló ń bèèrè, ó sì lè jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ká ní iṣẹ́ abẹ kan tàbí pípààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun ni, ọ̀rọ̀ mi ì bá yàtọ̀. Kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí ẹ ń ná sílẹ̀: oògùn, àyẹ̀wò, owó ọkọ̀, iṣẹ́ tí kò lè lọ lọ́jọ́ tó bá lọ rí dókítà. Tó o bá wá ń lọ bá ẹbí, má kàn ní kí wọ́n ràn yín lọ́wọ́. Ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba owó àyẹ̀wò, kí àbúrò rẹ gba owó ọkọ̀. Ẹni tó mọ ohun tí òun ń san kì í tètè sá. Ní ti owó ilé ìwé, bẹ àwọn olùkọ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀.

Má ka oògùn rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ mọ́. Ní kó máa lò ó lójú rẹ, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, nígbà tí ẹ bá ń jẹun. Kí o sì kọ̀wé sí mi tí èsì ẹ̀jẹ̀ bá jáde.