Ẹ Bi Wá: Ọmọ Wa Ní Ikú Yá Ju Ẹ̀sín Lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 22, fi owó àjọ ṣòwò, owó náà run, ó wá ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Wọ́n ní ká mú un lọ rí social worker, òṣìṣẹ́ tó ń ran aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ lórí ìṣòro ìgbésí ayé, ní ilé ìwòsàn ńlá Ṣàgámù. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kúkú jẹ́ kó fi Bíbélì búra pé kò ní pa ara rẹ̀. Èwo ni ká ṣe? — Òǹkàwé kan, Ìkẹ́nnẹ́-Rẹ́mọ.

ÌDÁHÙN: Ẹ má jẹ́ kó búra, ẹ jọ̀ọ́. Bí èrò náà bá padà dé lóru, ẹ̀rù ìbúra kò ní jẹ́ kó sọ fún yín.

Social worker á bi í tààrà pé, "Ṣé o ń rò ó láti pa ara rẹ?" Ìbéèrè yìí kì í ki èrò náà síni lórí, ara ló sábà máa ń tu ẹni tí wọ́n bi. Bó bá ti mọ ohun tó fẹ́ lò, tàbí tó ti gbìyànjú rẹ̀ rí, dókítà ọpọlọ gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà, kó má sì dá wà rárá. Bí wọ́n bá darí yín sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró l'Ábẹ́òkúta, ẹ má tijú.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á jọ kọ ìwé kan, lọ́rọ̀ ẹnu ọmọ náà fúnra rẹ̀: àmì tó máa ń ṣáájú èrò náà, ohun tó lè dá ṣe láti fi pa á rẹ́, ibi tó lè lọ jókòó láàárín èèyàn, ẹni tó lè sọ fún, ilé ìwòsàn. Ibi tó máa ń wọ́ ni nọ́ńbà. Nígbà míì, orúkọ ẹni tí kì í gbé fóònù lóru ni wọ́n á kọ síbẹ̀. Ẹ pe gbogbo wọn wò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé náà ló ń gba ẹ̀mí là jù: kí ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí. Apakòkòrò oko kò gbọ́dọ̀ sí nínú ilé. Fífi pamọ́ kò tó. Ẹ gbé e lọ sílé ẹlòmíràn, kí wọ́n tì í pa. Ìgbà tí èrò náà gbóná jù kì í sábà pẹ́, bí ọwọ́ kò bá tó nǹkan kan lásìkò náà, ó lè rọlẹ̀.

Dókítà lè kọ oògùn, ṣùgbọ́n social worker ló máa bá olórí àjọ jókòó pé kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ọgbẹ́ ọkàn àtijọ́ wà nísàlẹ̀, bí ìjàm̀bá ọ̀nà márosẹ̀ tàbí ìfipábánilòpọ̀, kò ní fipá fa ìtàn náà jáde lọ́jọ́ kìíní. Oorun, oúnjẹ àti ààbò ló ń ṣáájú.

Bí wọ́n bá dá a dúró sí ilé ìwòsàn, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá padà délé léwu gan-an. Ẹ gba ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀ kí ẹ tó gbé e lọ.