Nevaeh: Ṣé ẹni tó bá dà á kọ ti pe ọ̀run àpáàdì ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ọmọ mi tó wà ní Houston bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Nevaeh, wọ́n ní orúkọ Hébérù ni. Àmọ́ ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní “heaven” tí wọ́n kọ láti ẹ̀yìn ni, pé ẹni tó bá dojú ọ̀run délẹ̀, ọ̀run àpáàdì ló ń pè. Ṣé kí n ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀? (Ìyá Àgbà, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọmọ, Màmá. Ìbéèrè yìí ti ń pọ̀, ó sì ń bí mi nínú, torí àwọn kan ti ń fi í gbowó ìtúsílẹ̀.

Kì í ṣe Hébérù, kò sí nínú Bíbélì. Amẹ́ríkà ló ti wá. Lọ́dún 2000, Sonny Sandoval, akọrin ẹgbẹ́ P.O.D. tó jẹ́ onígbàgbọ́, gbé ọmọbìnrin rẹ̀ hàn lórí MTV Cribs, ètò tẹlifíṣọ̀n tí àwọn gbajúmọ̀ ti ń fi ilé wọn hàn, ó sì ṣàlàyé pé “heaven” tí wọ́n dà kọ ni orúkọ ọmọ náà. Lọ́dún 1999, ọmọbìnrin tuntun 8 péré ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi di 2010, ó ti wà ní ipò 25 láàárín orúkọ ọmọbìnrin. Ọ̀run rere ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ta ló sọ pé bí a bá da ọ̀rọ̀ kọ, ìtumọ̀ rẹ̀ á dorí kodò? Ẹ mú bírò, ẹ kọ “ire” sórí ìwé, kí ẹ wá kà á láti ẹ̀yìn. “Eri” ni ẹ ó rí, kì í ṣe “ibi”. Ẹ kọ “ibi” náà, ẹ dà á kọ: “ibi” náà ni. “Ọmọ” ńkọ́? “Owó” ńkọ́? Ẹ ka lẹ́tà wọn síwá sẹ́yìn, ọ̀kan náà ni. Ẹnu la sì fi ń pe orúkọ: tí wọ́n bá pe ọmọ yẹn, ohun tó jọ “Nẹféyà” lẹ ó gbọ́, kò sétí tó máa gbọ́ “heaven” níbẹ̀ rárá. Lóòótọ́, orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí òbí rò kó tó sọ ọmọ lórúkọ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe bí lẹ́tà ṣe tò.

Ohun tó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ń kọ Neveah, wọ́n ń fi “e” ṣáájú “a”. Ìyẹn kì í ṣe “heaven” tí wọ́n dà kọ mọ́. Kí wọ́n yẹ ìwé ìbí àti páásípọ́ọ̀tù wò, kó bára mu. Bí àṣìṣe bá wà, ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé ìbí lọ́dọ̀ wọn ni kí wọ́n bi. Èmi kì í ṣe lọ́yà, òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ sì yàtọ̀.

Ní ti pípààrọ̀, ẹ má dá a lábàá rárá. Ẹ fún un lórúkọ Yorùbá tiyín, ẹ fi oríkì kún un, Àṣàkẹ́ ni o, Àbẹ̀kẹ́ ni o, kí ẹ sì máa fi pè é lórí fóònù. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ fún ìtúsílẹ̀.