Àlìkámà ló wà nínú ìwé, sóyà ló wà lóko

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ háyà ilẹ̀ éékà 100 lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan ní ìgbèríko Kansas, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ìjọba máa ń fowó ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ bí ọjà àlìkámà bá wálẹ̀. Sóyà ni èmi fẹ́ gbìn. Ṣé owó náà kàn mí?

ÌDÁHÙN: Ó lè kàn yín, bí ẹ kò tilẹ̀ gbin hóró àlìkámà kan. Owó tí wọ́n ń pè ní PLC (Price Loss Coverage), tí ìjọba ń san bí iye ọjà bá wálẹ̀ ju iye tí òfin dá lé e lọ, kì í tẹ̀ lé ohun tó hù lóko. Base acres ló ń tẹ̀ lé, ìyẹn iye éékà tí wọ́n ti kọ mọ́ ilẹ̀ náà lábẹ́ orúkọ irúgbìn kọ̀ọ̀kan láti ọdún pípẹ́. Ilẹ̀ ọlọ́ràá tí kò ní base acres kò ní mú kọ́bọ̀ wá. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ ní kí bàbá fi ìwé FSA-156EZ, tó ń fi base acres ilẹ̀ náà hàn, hàn yín. Ọ́fíìsì FSA (Farm Service Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀) ní káúńtì náà ló ń tẹ̀ ẹ́ fún onílẹ̀.

Ẹ wo irè ọdún 2019. Iye tí òfin dá lé àlìkámà nígbà náà ni dọ́là 5.50 fún búṣẹ́ẹ̀lì kan, tó tó kílò 27. Ìpíndọ́gba iye tí wọ́n tà á jákèjádò orílẹ̀-èdè jẹ́ dọ́là 4.58, àlàfo àárín wọn, tí ìjọba ń san, sì jẹ́ sẹ́ǹtì 92. Éékà 85 nínú base acres 100 ni wọ́n ń sanwó lé. Bí gbogbo éékà 100 náà bá jẹ́ base acres àlìkámà, tí ìwé FSA-156EZ sì kọ búṣẹ́ẹ̀lì 40 fún éékà kan, 85 × 40 × 0.92 já sí dọ́là 3,128, kí ìjọba tó yọ díẹ̀ níbẹ̀. Iye tí ẹ̀yin fúnra yín ta ọjà kò wọ inú ìṣirò yìí rárá. Òfin ọdún 2025 ti gbé dọ́là 5.50 yẹn dé 6.35.

Owó náà kì í tètè dé o! Irè àlìkámà tí wọ́n kó ní oṣù kẹfà ọdún 2019, oṣù kẹwàá 2020 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san tirẹ̀. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e láti san gbèsè irúgbìn tàbí ajílẹ̀.

Àdéhùn tún ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ pé owó nìkan lẹ fi ń háyà ilẹ̀ náà, ẹ̀yin lẹ ni owó ìrànwọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé irè lẹ jọ ń pín, bàbá náà ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní gíríìn káàdì, àfi bó bá mú ilẹ̀ àti owó wá, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro oko náà dáadáa.

Fọ́ọ̀mù ló sábà máa ń ba nǹkan jẹ́. CCC-902 ń sọ bí ẹ ṣe ń dáko, CCC-941 ń jẹ́rìí pé owó tó ń wọlé fún yín kò ju dọ́là 900,000 lọ́dún, AD-1026 sì ni ìlérí pé ẹ kò ní ro ilẹ̀ àbàtà tàbí kí ẹ jẹ́ kí ọ̀gbàrá wọ́ ilẹ̀ lọ. Ọ̀kan péré tó bá kù, owó dúró. Ẹ tún gbọ́dọ̀ lọ sọ iye éékà sóyà tí ẹ gbìn ní ọ́fíìsì FSA, ó pẹ́ tán ní July 15.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló ya PLC sọ́tọ̀ sí ARC (Agriculture Risk Coverage), ètò ìrànwọ́ kejì tí àgbẹ̀ lè mú dípò rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Iye ọjà nìkan ni PLC ń wò. ARC ti káúńtì ń fi iye ọjà kún bí irè káúńtì náà ṣe pọ̀ tó. Bí yìnyín bá run oko yín nìkan, tí ti àwọn aládùúgbò sì ṣe dáadáa, ARC kò ní san nǹkan kan fún yín. Ìbánigbófò irè oko ni ẹ nílò fún ìyẹn. Gbogbo ẹni tó ní ìpín nínú oko náà gbọ́dọ̀ fẹnu kò sórí èyí tí wọ́n máa mú. Irè ọdún 2025 nìkan ni òfin ti ní kí wọ́n san èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì.