Eegun Itan Ló Dá, Kí Ni Wọ́n Tún Ń Wá Nínú Ẹ̀jẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Àbúrò mi ṣubú lórí alùpùpù, eegun itan rẹ̀ sì dá. Àwòrán X-ray fi ojú ibi tó ti dá hàn kedere, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Wọ́n ní lactate rẹ̀ ga, wọ́n sì sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n tún ní CRP rẹ̀ ti gòkè. Ṣé egbò náà ti ń kẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú aájò àbúrò yín. Àwòrán X-ray máa ń sọ bí eegun ṣe dá. Ohun tí kò lè sọ ni bí ìpalára náà ti wọ ara tó. Nígbà tí eegun itan bá dá, ẹran tó bò ó a ya, iṣan ẹ̀jẹ̀ a já, ẹ̀jẹ̀ tó sì máa dà sínú itan nìkan lè tó lítà kan tàbí kó lé, láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan kán sílẹ̀. Haemoglobin, ìyẹn èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá lè tanni jẹ ní wákàtí àkọ́kọ́, nítorí pé omi inú ẹ̀jẹ̀ àti èròjà pupa rẹ̀ jọ ń dà lọ ni. Ìgbà tí omi mìíràn bá wọ inú iṣan láti dí àlàfo náà ni nọ́ńbà rẹ̀ máa ń já wálẹ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wo lactate, èròjà kan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá gbé ọ́síjìn tó dé inú ara mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì a máa wá agbára láìsí ọ́síjìn, lactate a sì máa pọ̀ sí i. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, kì í sábà kọjá 2 mmol nínú lítà kan. Bó bá lé ní 4, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ eegun yóò kọ́kọ́ fún aláìsàn ní omi àti ẹ̀jẹ̀, wọn yóò sì de ẹsẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó fi irin sínú eegun, nítorí pé iṣẹ́ abẹ ńlá jẹ́ ìpalára kejì fún ẹni tí kò tíì bọ́ nínú ti àkọ́kọ́. Ìsúnsíwájú yẹn wà lára ìtọ́jú gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àṣejù: bí nọ́ńbà bá kúrò ní 5, tó bọ́ sí 3, tó wá wọ 1.8, ara ti ń gba ìtọ́jú. Bó bá dúró sójú kan, àfàìmọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má ṣì máa dà níbì kan.

Ní ti CRP, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ kan tó ń fi hàn pé ara ń jà, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é nígbà tí ara bá farapa, ìbáà ṣe kòkòrò ló fà á tàbí ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ. Ó máa ń dé góńgó ní nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹta, lẹ́yìn náà ó yẹ kó máa lọ sílẹ̀. Èyí tó ń kọ mí lóminú ni èyí tó ti ń sọ̀kalẹ̀ tó wá ṣẹ́rí padà, pàápàá bí ibà bá dé tàbí tí omi ń jáde lójú egbò. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà àná àti ti òní hàn yín pa pọ̀.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ìrora rẹ̀ bá ń le sí i tí oògùn kò ràn án, tí nínà ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń mú un kígbe, ẹ má dúró de èsì àyẹ̀wò kankan. Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.