Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá mélòó ni ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó ṣe WAEC?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ mi ń múra ìdánwò WAEC. Mo ra ìwé pélébé kan fún un nínú bọ́ọ̀sì, ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá àti ìtumọ̀ wọn ló wà nínú rẹ̀, ogún ló sì ń há sórí lójúmọ́. Ṣé yóò tó? Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá wa, iye kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tó há ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ sórí láìmọ ibi tí wọ́n ti ń lò wọ́n kò tíì mọ ẹyọ kan nínú wọn, ó sì ń dùn mí bí àwọn tó ń ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbowó òbí pé gírámà ńlá ló ń fa máàkì.

Bí àjèjì kan bá kà á pé "wàjà" túmọ̀ sí "kú", tó wá sọ fún yín pé adìẹ òun wàjà lánàá, ẹ ó mọ̀ pé kò gbọ́ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtumọ̀ tó kọ́ kì í ṣe irọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì rí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan há a sórí pé "notorious" ni olókìkí, ó sì kọ ọ́ sínú àròkọ pé "My mother is a notorious trader." Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ yìn, ṣùgbọ́n òkìkí burúkú, irú ti ògbólógbòó olè, ni wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ náà fún; "well-known", tó kéré lójú rẹ̀, ni ì bá lò.

Nínú máàkì 50 tí WAEC ń fún àròkọ, 20 wà fún ìlò èdè, ọ̀rọ̀ tó bá ibi tí a lò ó mu ni wọ́n sì ń wá níbẹ̀, kì í ṣe èyí tó gùn jù. Àní nínú ìdánwò JAMB, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ òmíràn jù ní ìtumọ̀, inú gbólóhùn ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ náà sí.

Ẹ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Kó máa ka ìwé ìròyìn àti ìwé ìtàn. Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá yọjú, kó da odindi gbólóhùn náà kọ, kó wo ojúlówó ìwé atúmọ̀ èdè, kó fi ọ̀rọ̀ náà kọ gbólóhùn tirẹ̀, kó sì padà sí i lọ́jọ́ kejì àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Márùn-ún lọ́sẹ̀ ti tó. Olùkọ́ rẹ̀ ni kó yẹ àwọn gbólóhùn náà wò, nítorí èmi kò rí iṣẹ́ ọmọ yín, n kò sì lè ṣèlérí èsì kankan. Bí ọ̀rọ̀ ńlá kan bá ṣe é ní iyèméjì nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kó fi í sílẹ̀, kó lo kékeré tó dá a lójú.